Fabian Ware: Ẹni tí kò jẹ́ kí orúkọ àwọn òkú ogun ṣègbé

Ikú ogun ní í pa akíkanjú, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń wí. Ṣùgbọ́n ogun kì í pa ẹni nìkan, a máa pa orúkọ ẹni pẹ̀lú. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1914, bí ọmọ ogun lásán bá kú sí ilẹ̀ òkèèrè, inú kòtò kan náà ni wọ́n sábà máa ń kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí, láìsí àmì, láìsí àkọsílẹ̀. Àwọn ọ̀gá ni wọ́n máa ń gbé òkúta lé lórí. Ẹni tó dojú ìjà kọ àṣà yìí kì í ṣe jagunjagun. Olùkọ́ ni, ó sì tún ṣe olóòtú ìwé ìròyìn. Fabian Ware ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà, ọdún 1869 ni wọ́n bí i ní Clifton, nílùú Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ẹbí onígbàgbọ́ tí kò fi ẹ̀sìn ṣeré ni ó ti dàgbà. Ó kàwé dé Yunifásítì Paris, ó sì gboyè níbẹ̀ lọ́dún 1894. Lẹ́yìn tó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, ó kọjá sí Transvaal ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 1901, níbi tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Lord Milner, tó sì di ọ̀gá àgbà fún ètò ẹ̀kọ́. Lọ́dún 1905, ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù láti wá di olóòtú ìwé ìròyìn Morning Post. Ipò yìí ni ó wà títí di ọdún 1911.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀, Ware ti di ẹni ọdún 45. Ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Milner bá a sọ̀rọ̀, Àjọ Red Cross sì fi í ṣe olórí àwọn ọkọ̀ tí ń kó àwọn tó fara pa. Inú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1914 ni ó dé ilẹ̀ Faransé. Bó ti ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ojú ogun, ó ṣàkíyèsí ohun kan tí kò jẹ́ kó ní ìsinmi. Àwọn ibojì kún ẹ̀bá ọ̀nà, inú oko àti ọgbà ilé ìjọsìn. Igi àgbélébùú tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sí ni wọ́n rì mọ́ orí àwọn kan, òjò sì ti ń fọ orúkọ náà lọ. Àwọn mìíràn kò ní àmì kankan. Kò sí ẹnì kan nínú iṣẹ́ ológun tí wọ́n yan iṣẹ́ àkọsílẹ̀ wọn fún.

Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mú ìwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Wọ́n ń kọ orúkọ òkú, ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ àti ibi tó sùn sí, wọ́n sì ń fi àmì tó lè pẹ́ rọ́pò èyí tí òjò ti bà jẹ́. Lóṣù Kẹta ọdún 1915, àwọn ọ̀gá ológun fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, ibojì tó lé ní 31,000 ti wà nínú ìwé wọn. Àwọn òbí àti opó ń kọ lẹ́tà láti béèrè ibi tí ẹni wọn sùn sí, àwọn ènìyàn Ware sì ń ya fọ́tò ibojì ránṣẹ́ sí wọn. Ní òpin ọdún náà, ìjọba Faransé ṣe òfin pé ilẹ̀ tí wọ́n sin àwọn ọmọ ogun náà sí yóò jẹ́ tiwọn títí láé.

Ìṣòro kan wà nínú iṣẹ́ yìí tó jẹ́ pé ohun kékeré ló fà á. Àmì kan ṣoṣo ni ọmọ ogun ń gbé kọ́ ọrùn, èyí tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. Bó bá kú, wọ́n á já a láti fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ogun gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ikú. Báyìí ni ilé iṣẹ́ ogun ṣe ń mọ̀ pé ó ti kú, tí òkú náà fúnra rẹ̀ sì di aláìlórúkọ. Ọdún 1916 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní méjì, kí ọ̀kan lè máa bá òkú wọ ilẹ̀.

Ní ọjọ́ 21, oṣù Karùn-ún, ọdún 1917, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àṣẹ gbé àjọ kan kalẹ̀ fún ibojì àwọn ọmọ ogun gbogbo ilẹ̀ ọba náà. Ware ni igbákejì alága, òun ni ó sì ń darí rẹ̀ títí di ọdún 1948. Ìlànà àjọ náà kò ju mẹ́ta lọ: olúkúlùkù òkú gbọ́dọ̀ ní orúkọ lórí òkúta, òkúta ọ̀gá àti ti ọmọ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dọ́gba, a kò sì ní gbé òkú kankan padà sílé. Lọ́dún 1915, wọ́n ti gbé òkú ọmọ-ọmọ Gladstone, olórí ìjọba ìgbà kan rí, padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ware rí i pé bí wọ́n bá fàyè gba èyí, ọmọ olówó á lọ sílé, ọmọ tálákà á wà nínú oko.

Ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ pé àgbélébùú ni àwọn ń fẹ́ lórí ọmọ àwọn, kì í ṣe òkúta tí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n dá òkú ọmọ àwọn padà. Ọ̀rọ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lóṣù Karùn-ún ọdún 1920, ibẹ̀ ni ìlànà Ware sì ti borí. Òun kò fi agídí nìkan ṣe é: wọ́n fàyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkúta fún ọ̀rọ̀ ìdágbére tí ẹbí bá fẹ́, bí kò bá ti ju lẹ́tà 66 lọ.

Kí ni wọ́n wá fẹ́ ṣe fún àwọn tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n? Lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọ ogun ń tú ilẹ̀ ojú ogun wò, wọ́n ń fi bọ́tìnnì, bàtà, ṣíbí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí àti lẹ́tà inú àpò wá orúkọ òkú. Ohun yòówù tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń kọ sórí òkúta, ìbáà jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ nìkan. Rudyard Kipling, òǹkọ̀wé ńlá nì, ni ó yan gbólóhùn tó wà lórí òkúta àwọn aláìlórúkọ, èyí tó sọ pé Ọlọ́run mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Òun náà wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, John, sọnù lójú ogun ní Loos lọ́dún 1915, Kipling sì kú lọ́dún 1936 láìrí ibojì ọmọ náà. Ọdún 1992 ni àjọ náà kéde pé àwọn ti dá a mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan jà wọ́n níyàn. Fún àwọn tí wọn kò rí òkú wọn rárá, wọ́n kọ́ ògiri ńláńlá. Orúkọ tó lé ní 54,000 wà lára ẹnubodè Menin ní Ypres, nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1927. Ti Thiepval nílẹ̀ Faransé, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1932, ní orúkọ tó lé ní 72,000.

Ṣùgbọ́n ìlànà tó dára yìí kò dé ibi gbogbo. Àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà jà ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì tún kọjá sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti òpin ọdún 1916, níbi tí wọ́n ti bá àwọn Jámánì ja ìjà àjàkú akátá ní Mahiwa lọ́dún 1917. Àwọn aláàárù tí ń ru ẹrù àti oúnjẹ wọn kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nígbà tí ogun parí, òyìnbó tó kú níbẹ̀ gba òkúta àti orúkọ. Ní ti ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú, ère tí kò ní orúkọ ni wọ́n gbé dúró fún gbogbo wọn ní Nairobi, Mombasa àti Dar es Salaam. Lọ́dún 1923, gómìnà Gold Coast, tó di Gánà lónìí, sọ fún àjọ náà pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ní mọ rírì òkúta orí ibojì. Àjọ tí Ware ń darí gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá sì mọ bí oríkì àti orúkọ ti rí láàárín àwọn ènìyàn apá ibí yìí yóò mọ̀ pé irọ́ ńlá ni.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Ware tún bọ́ sójú iṣẹ́. Lọ́dún 1941, ó rí i dájú pé àkọsílẹ̀ kan àwọn ará ìlú tí bọ́ǹbù pa. Ní Bọ́mà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti jà, ọ̀rọ̀ sàn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ: orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà wà pẹ̀lú ti àwọn ẹlòmíràn lára ògiri ìrántí Taukkyan, tó ní orúkọ bíi 27,000. Ware kú ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin, ọdún 1949. Wọ́n sin ín sí Amberley ní Gloucestershire, wọ́n sì ri òkúta tó jọ ti àwọn ọmọ ogun sí orí ibojì rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò kú. Àjọ náà, tó yí orúkọ padà lọ́dún 1960 sí Commonwealth War Graves Commission, ń tọ́jú ìrántí ènìyàn bíi mílíọ̀nù 1.7. Lọ́dún 2009, wọ́n hú òkú 250 jáde ní Fromelles nílẹ̀ Faransé. Àyẹ̀wò DNA tí wọ́n fi wé ti àwọn ẹbí sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn gba orúkọ wọn padà. Lóṣù Kẹrin ọdún 2021, àjọ náà gbé ìròyìn jáde, ó sì tọrọ àforíjì. Ó jẹ́wọ́ pé ó kéré tán, ènìyàn 116,000, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti Lárúbáwá, ni wọn kò dárúkọ rárá; wọ́n sì lè tó 350,000. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tú ìwé àtijọ́ wò ní Áfíríkà láti wá orúkọ wọn. Ìlànà tí Ware fi lélẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n fi ń ṣe é: kí olúkúlùkù ní orúkọ, kí gbogbo wọn sì dọ́gba.