Àjàyí Crowther àti Ọgbẹ́ Ọkàn Rẹ̀

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, oyè rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ lórí Bíbélì Yorùbá ni a máa ń fi ṣáájú. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun kan wà tí ó ti ṣẹ́ kí oyè tó dé, èyí tí a kì í sábà mẹ́nu bà: bí ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìbànújẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Èyí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa rò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tí Àjàyí jẹ́ ọmọ bí ọdún 13, ogun dé bá ìlú rẹ̀, Ọ̀ṣoògùn, ní òwúrọ̀. Baba rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n sá, ó sì padà lọ. Àjàyí kò tún rí i mọ́ láéláé. A kó òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, pẹ̀lú àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì, lọ sí Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni a ti fi í pààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, a sì dá a padà. Lẹ́yìn èyí ó tún bá ìyá rẹ̀ gbé fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kí a tó tún yà wọ́n.

Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni a ń tà á. Nígbà tí ó wà lọ́wọ́ obìnrin Mùsùlùmí kan, ó gbọ́ pé a lè mú òun lọ sí ilẹ̀ Pópó, kí a sì tà òun fún àwọn Potogí. Láti ìgbà náà oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ní òru, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ó gbìyànjú láti fi ọ̀já ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbà á. Ó tún pinnu pé òun yóò bẹ́ sínú odò. Olówó rẹ̀ rí i pé ọmọ náà ti yí padà; ó sì tà á. Ní Èkó, a de ọmọdé àti àgbà pọ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n kan náà ní ọrùn. Nígbà tí àgbà bá fi ìbínú fa ẹ̀wọ̀n, ọrùn ọmọdé ni ó ń bó.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, ọdún 1822, a kó o pẹ̀lú àwọn ẹrú yòókù sínú ọkọ̀ Potogí kan. Ẹrú 187 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Myrmidon, tí Leeke jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, gbà wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ̀ pé ìdásílẹ̀ ni. Ó rí ẹran tí a so rọ̀ àti ọta àgbá tí a tò jọ, ó sì rò pé ẹran ènìyàn àti orí ènìyàn ni. Nígbà tí ó sún mọ́ wọn, tí ó sì wò wọ́n fínnífínní, ó rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀, ó sì rí i pé irin lásán ni èyí tí òun pè ní orí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí bí ó ti ṣe sí ohun ẹ̀rù yìí ni ó wá ṣe sí ìbànújẹ́ rẹ̀.

Ó gúnlẹ̀ sí Sierra Leone ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, ọdún 1822, ó sì bá ara rẹ̀ láàrin àwọn tí ọgbẹ́ wọn jọ tirẹ̀. Ó kọ́ ìwé. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825. Ó fẹ́ Asano, ẹni tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bí òun náà. Ó sì di olùkọ́. Ẹni tí ó bá rí i lè rò pé ó ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì, ọdún 1837, ní Fourah Bay, ó kọ ìtàn náà sínú ìwé ránṣẹ́ sí Àlùfáà William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. Olùkọ́ tí a ń bọ̀wọ̀ fún ni nígbà náà. Ìtìjú ìbá ti dí i lẹ́nu. Síbẹ̀ ó kọ ẹ̀rù rẹ̀, ó kọ ẹkún rẹ̀, ó sì kọ àwọn òru tí ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ó wo ọjọ́ tí a kó o lẹ́rú lójú kòrókòró, ó kà á sí ọjọ́ ibi, ó sì tún rí ìbùkún tí Ọlọ́run mú ti inú rẹ̀ jáde. Kò sọ pé ibi náà dára. Ó mọ̀ nísinsìnyí pé ibi kọ́ ni òpin ìtàn òun.

Ní ọdún 1843 a fi í joyè àlùfáà. Lẹ́yìn náà ó wá sí Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ọdún 1846, ìyá rẹ̀ wá bá a, lẹ́yìn ọdún bí 25. Ara ìyá náà ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú láìlè sọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi àwọn orúkọ tí ìyá-ńlá Àjàyí máa ń fi pè é ní kékeré pè é, ìyá-ńlá tí ó ti kú sóko ẹrú. Níwájú obìnrin yìí, àlùfáà tún di ọmọ. Ní ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún Àfàlá, a sì sọ ọ́ ní Hánà. Nígbà tí a sì ń fi Àjàyí joyè Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọdún 1864, Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ọjọ́sí, wà níbẹ̀ láti rí i. Crowther sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ọdún 1891.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a ronú. Olówó Àjàyí rí i pé ọmọ náà kò jẹun mọ́, pé ojú rẹ̀ ti yí padà. Ohun tí ó mọ̀ láti ṣe ni pé kí ó tà á. Àwa náà ń rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí àga ilé-ẹ̀kọ́ wa, a sì ń rí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ. Kí a má ṣe fi ipá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn, nítorí ó tó ọdún 15 lẹ́yìn ìdásílẹ̀ rẹ̀ kí Àjàyí tó kọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a sún mọ́ wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́, ẹni tí yóò gbọ́ wà.