William Akínọlá Dáwódù: Aṣíwájú Nínú Iṣẹ́ Mọ́tò ní Èkó

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a tún ya ojú ewé díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìwé ọdọọdún yìí fún ìtàn ẹni àná kan tí ìgbésí ayé rẹ̀ yẹ ní àwòkọ́ṣe. Àwọn àgbà ní bí a kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ṣùgbọ́n àwọn ẹni rere kan wà tí wọ́n ti kú pẹ́, tí orúkọ wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni a ti ń jẹun. Ọ̀kan nínú wọn ni olóògbé William Akínọlá Dáwódù.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè ìdí tí a fi ń sọ ìtàn ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó nínú ìwé ìlú tiwa, ìdáhùn wa kò jìnnà. Ọ̀nà tó la Òṣòdì já lọ sí Agége, orúkọ mọ́tò ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọ̀nà ńlá tó ti Apápá wá, ọ̀dọ̀ wa ló gbà kọjá. Ibùdókọ̀ alájà púpọ̀ tí ìjọba ṣí ní ọdún 2019, Òṣòdì ló wà. Ọjà Ládípọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ìtòsí wa ni. Agbo ilé tí kò ní awakọ̀, tàbí mẹkáníìkì, tàbí ẹni tí ń lẹ táyà, kò pọ̀ láàrin wa. Ẹni tó bá ń mu omi odò yẹ kó mọ orísun rẹ̀.

Ọdún 1879 ni a bí Dáwódù, ọdún 18 lẹ́yìn tí Èkó bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní àkókò náà, ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ gbogbo ènìyàn. Àwọn baba wa tí wọ́n ń dáko ní agbègbè wa, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù lọ sí etí ọ̀sà, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn sọdá. Ilé ẹ̀kọ́ Hussey ni Dáwódù lọ, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi owó tí obìnrin ará England kan, Rebecca Hussey, fi sílẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn ẹrú dá sílẹ̀. Kì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Èkó ń lépa iṣẹ́ akọ̀wé nínú ọ́fíìsì ìjọba, irin àti òróró ni ó wu ọmọkùnrin yìí.

Ayé ń yí padà kíákíá nígbà tó di géńdé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1900, ojú irin rélùwéè tó gba Òṣòdì kọjá dé Ìbàdàn. Ní 1901, wọ́n parí afárá Carter tó so Erékùṣù mọ́ Ìddó. Ní àkókò náà pẹ̀lú, kẹ̀kẹ́ ológeere ti ń di ohun ẹ̀ṣọ́ fún àwọn ọ̀mọ̀wé àti oníṣòwò. Ìdí kẹ̀kẹ́ yìí ni Dáwódù ti bẹ̀rẹ̀, tó ń tún wọn ṣe, tó sì ń tà wọ́n. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ náà. Ẹni tó mọ bí a ti ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́, bí ṣéènì rẹ̀ kì í ṣeé dẹ̀ jù tàbí le jù, àti ibi tí gírísì gbọ́dọ̀ dé, ti mọ ìdajì ohun tí mọ́tò yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Mọ́tò náà kò sì pẹ́ dé. Nígbà tí Sir Walter Egerton ń ṣe gómìnà, wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, ọkọ̀ ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn níbẹ̀ ní ọdún 1906. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń dúró létí ọ̀nà wo ìyanu, Dáwódù ń wo inú ẹ́ńjìnnì. Ó kúrò ní kẹ̀kẹ́ nìkan, ó bọ́ sí mọ́tò: ó ń kó o wọlé láti òkè òkun, ó ń tò ó pọ̀, ó ń tà á, ó sì ń tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú aláwọ̀ dúdú nínú òwò mọ́tò ní gbogbo Nàìjíríà.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé irú ọkọ̀ tí à ń wí fún àwọn ọmọ wa tí wọn kò rí i rí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìgbà náà kò ní òrùlé irin. Aṣọ líle ni wọ́n fi ń bò ó lókè, a sì lè ká aṣọ náà sẹ́yìn bí ojú ọjọ́ bá dára. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà á máa fẹ́ sí olówó ọkọ̀ lára, gbogbo ayé á sì máa rí i bó ti jókòó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tàbí ní àkókò ọdún, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kọjá kí ọmọdé má sáré tẹ̀lé e. Èyí tó gbajúmọ̀ jù láyé ni Ford tí wọ́n ń pè ní Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927, tí iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 15.

Ṣùgbọ́n adùn yìí ní iṣẹ́ nínú. Ọkọ̀ náà kò ní bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ kó tó jí. Irin gígùn kan ni wọ́n ń kì bọ iwájú rẹ̀ láti fi yí ẹ́ńjìnnì. Bí awakọ̀ kò bá kọ́kọ́ dá iná ẹ́ńjìnnì náà dúró sẹ́yìn, irin á ta padà, ọrùn ọwọ́ á sì kán. Igi ni wọ́n ń tì bọ inú táǹkì lábẹ́ ìjókòó iwájú láti mọ iye epo tó kù. Láti mọ bí òróró ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ tó, wọ́n á wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ ṣí ẹnu kékeré méjì: bí òróró kò bá kán láti inú èyí tó wà nísàlẹ̀, ewu ti dé. Fúnra epo ni ó ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì Model T. Nítorí náà, bí epo bá kù díẹ̀ tí òkè sì ga, ẹ̀yìn ni ọlọ́gbọ́n awakọ̀ fi ń gun òkè. Fìtílà kábáídì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò lálẹ́, tí omi ń kán sórí kábáídì kí ó tó mú iná wá. Igi ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ náà. Bí ọyẹ́ bá dé, igi á gbẹ, á súnkì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ní Èkó, iyọ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin, òjò sì ń jẹ aṣọ ìbòrí. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: ẹni tí kò bá tọ́jú irú ọkọ̀ yìí kí ó tó bàjẹ́, ojú ọ̀nà ni yóò sùn.

Níhìn-ín ni a ti rí ìtóbi Dáwódù. Ẹnikẹ́ni tó lówó lè ra mọ́tò wálé láti òkè òkun, ṣùgbọ́n owó nìkan kò lè mú un rìn fún ọdún mẹ́wàá. Dáwódù mọ̀ pé bí kò bá sí ọwọ́ tí yóò tún mọ́tò ṣe, ère lásán ni mọ́tò. Nítorí náà ó gba àwọn ọ̀dọ́ sí ìdí iṣẹ́, ó sì kọ́ wọn. Nígbà tí Arábìnrin Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá, ọmọ Blaize, dá ọkọ̀ èrò Àǹfààní sílẹ̀ ní Èkó, tí Sàlámì Àgbájé sì ń kó ọkọ̀ jọ ní Ìbàdàn, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni òwò wọn gbẹ́kẹ̀ lé. Olówó ni ayé ń rí nínú ọkọ̀. Mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí.

Ọ̀nà rẹ̀ kò rọrùn títí dé òpin. Ogun àgbáyé ti 1914 sí 1918 há ọ̀nà òkun mọ́ àwọn oníṣòwò. Ní 1920 sí 1921, ọjà já lulẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ilẹ̀ wa sì wọ gbèsè. Ní 1929, àwọn ilé òwò òyìnbó ńlá para pọ̀ di UAC, ọdún yẹn náà sì ni ọ̀wọ́n owó bẹ̀rẹ̀ káàkiri ayé. Ní ọdún 1930 ni Dáwódù fi ayé sílẹ̀, kò tíì pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé iṣẹ́ àjèjì ni ó gba ipò iwájú nínú títa mọ́tò. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́ àti ti Peugeot ní Kàdúná tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa, ọdún 45 lẹ́yìn ikú ẹni tó ti ń tò ó lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Kí ni ìtàn yìí ń kọ́ wa? Òwò Dáwódù kò di ilé ńlá tí a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí lónìí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó fi sí ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ kò kú. Láti ọwọ́ ọ̀gá dé ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ni irú ìmọ̀ yìí ti ń rìn láti ìgbà náà, títí ó fi dé abẹ́ igi àti ẹ̀gbẹ́ títì ní Òṣòdì, ní Máfolúkù, ní Ejigbo àti ní Ìsọlọ̀. Okùn náà ni a ń bẹ̀rù pé ó fẹ́ já. Àwọn ọmọ wa kò fẹ́ kọ́ṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà oníṣẹ́ tí wọ́n lè tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá jogún ọkọ̀ aláṣọ lórí, tàbí èyí tí ọwọ́ ìwakọ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún láti ìgbà tí a ṣì ń rìn lápá òsì kí 2 oṣù Kẹrin 1972 tó dé, kì í rí ẹni gbé e fún mọ́. Ó sì ń tà á fún àwọn tí ń ra irin kóńdò-kóńdò. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi ń bẹ ẹgbẹ́ wa àti gbogbo ọmọ ìlú. Èkíní, kí á kọ orúkọ àwọn àgbà oníṣẹ́ mọ́tò tó wà láàrin wa sílẹ̀, kí á sì san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọmọ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ́dọọdún. Èkejì, kí ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi fi ìwé àtúnṣe ọkọ̀ àti irinṣẹ́ tó péye ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ọkọ̀ baba rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, tí ewéko ń bò, fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wá kó tó tà á. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa bá jí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, tí ó sì tún rìn ní títì Òṣòdì lọ́jọ́ ọdún, tí a ká aṣọ orí rẹ̀ sẹ́yìn, tí àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e, ìyẹn tó ère fún William Akínọlá Dáwódù.