Marius: ọ̀gágun tó gba Róòmù là, àmọ́ tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ sílé

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn alágbára Róòmù àtijọ́, Julius Caesar ni ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ rántí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹlòmíì ló ṣí ilẹ̀kùn tí Caesar gbà wọlé. Gaius Marius lorúkọ rẹ̀. Julia ìyàwó rẹ̀ àti bàbá Caesar, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n.

Ọkùnrin yìí jẹ kọ́ńsúlù lẹ́ẹ̀meje, kò sì sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Kọ́ńsúlù nipò tó ga jù ní Róòmù nígbà tí wọn ò ní ọba. Èèyàn méjì ló ń jẹ ẹ́ pọ̀, ọdún kan péré ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó pẹ́ débi tí yóò fi rò pé ilé bàbá òun ni. Gbogbo ọdún tí mo bá dá nínú ìtàn yìí, kí wọ́n tó bí Jésù ni, nítorí náà ṣe ni wọ́n á máa wálẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 157 ni wọ́n bí Marius, ní abúlé kan lẹ́bàá Arpinum, ìlú kékeré kan ní Ítálì. Àwọn òpìtàn àtijọ́ kan ní tálákà paraku làwọn òbí rẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí owó ni wọ́n fi ń du ipò ní Róòmù ìgbà náà. Orúkọ ni kò ní. Kò sẹ́ni tó ti jókòó rí nínú ìdílé rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ àgbà tí wọ́n ń pè ní Sẹ́nétì, bẹ́ẹ̀ ìdílé mélòó kan ló ń pín ipò kọ́ńsúlù láàárín ara wọn bí ẹni ń pín ogún.

Lójú ogun ní Spéìn ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 119, ó di agbẹnusọ àwọn mẹ̀kúnnù. Òfin kan tó ṣe nígbà náà wù mí púpọ̀, bóyá nítorí pé èmi náà ti dúró ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìdìbò láti kọ ìròyìn. Orí afárá kan ni olùdìbò ń gbà lọ ju ìbò rẹ̀. Àwọn ọlọ́lá a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n á máa yọjú wo ohun tó kọ. Marius ní kí wọ́n sọ afárá náà di tóóró, káyè má gba ayọjúràn kankan. Sẹ́nétì fárí gá. Marius ní òun á ti kọ́ńsúlù mọ́lé bí wọn ò bá gbà. Wọ́n gbà.

Ó lágídí. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, oníṣègùn fi ọ̀bẹ gé ti ẹsẹ̀ kan. Marius ò jẹ́ kí wọ́n de òun mọ́lẹ̀, kò ké, kò mira. Nígbà tí oníṣègùn fẹ́ mú ẹsẹ̀ kejì, ó ní ó tó, pé èrè ibẹ̀ kò tó ìrora rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn: ní ti ẹsẹ̀, ó mọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró.

Ogun tó gbé e dókè ni ti Jugurtha, ọba Numidia ní àríwá Áfíríkà. Lọ́dún 109, ó bá ọ̀gágun Metellus lọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Nígbà tó tọrọ àyè láti lọ du ipò kọ́ńsúlù, Metellus, ọmọ ìdílé ńlá, fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kó dúró kí ọmọ òun dàgbà, káwọn méjèèjì jọ lọ díje. Ọmọ náà ò ju bí ẹni 20 ọdún lọ, Marius sì ti ń sún mọ́ 50. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ egungun. Ó lọ sílé, ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá àwọn mẹ̀kúnnù, wọ́n sì dìbò fún un. Lọ́dún 107 ó di kọ́ńsúlù, wọ́n gba ogun náà lọ́wọ́ Metellus, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́.

Ibí gan-an ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ní ilẹ̀ tàbí ohun ìní ló ń ṣe ológun ní Róòmù. Wọ́n gbà pé ẹni tó ní oko ní ohun tó fẹ́ dáàbò bò, tógun bá sì parí, á padà sídìí oko rẹ̀. Marius ní kí ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ náà máa bọ̀. Wọ́n ya wá bí omi, torí oúnjẹ, owó àti ìkógun wà níbẹ̀.

Àǹfààní wà nínú ẹ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní oko, ibo ló ń padà sí tógun bá parí? Ìjọba ò la owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀, Sẹ́nétì ò sì fẹ́ fún wọn nílẹ̀. Ọ̀gágun wọn ló máa bá wọn wá a. Díẹ̀díẹ̀, ojú àwọn ọmọ ogun kúrò lára ìlú, ó lọ sára ẹni tó ń bọ́ wọn. Mi ò rò pé Marius gbèrò ibi. Ọmọ ogun ló kàn nílò.

Ọdún 105 ni wọ́n mú Jugurtha. Àmọ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà lábẹ́ Marius, Sulla, ló fi ọgbọ́n gbà á lọ́wọ́ àna rẹ̀ tó fi í hàn. Sulla ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà sórí òrùka èdìdì rẹ̀. Inú Marius ò dùn sí i rárá.

Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ẹ̀yà Cimbri àti Teutones láti àríwá Yúróòpù ń bọ̀ tọmọdé tàgbà. Ọ̀gágun Róòmù méjì lọ pàdé wọn ní Arausio, ní ilẹ̀ Faransé òde òní. Èyí tó jẹ́ ọmọ ọlọ́lá kọ̀ láti pàgọ́ pẹ̀lú èkejì, torí pé ìran onítọ̀hún ò lókìkí. Àwọn òpìtàn àtijọ́ ní 80,000 ọmọ ogun ló ṣòfò lọ́jọ́ kan.

Ta ni Róòmù sá tọ̀? Marius ni. Òfin ò fẹ́ kẹ́nì kan máa jẹ kọ́ńsúlù léraléra, ṣùgbọ́n ẹni tílé ẹ̀ ń jó kì í jókòó ka ìwé òfin. Wọ́n yàn án fún ọdún 104, 103, 102, 101 àti 100. Ó ní kí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan máa ru ẹrù ara rẹ̀, débi tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní ìbaaka Marius. Lọ́dún 102, ó ṣẹ́gun àwọn Teutones ní Aquae Sextiae. Lọ́dún 101, òun àti Catulus fọ́ àwọn Cimbri túútúú ní Vercellae, ní àríwá Ítálì. Àwọn ará ìlú ń ta ọtí sílẹ̀ fún un pẹ̀lú àwọn òrìṣà wọn, wọ́n ní òun lẹni kẹta tó tẹ Róòmù dó.

Ká ní ó lọ sílé lọ́jọ́ yẹn ni, ìtàn rere nìkan ni ǹ bá máa sọ fún yín.

Kò lọ. Lọ́dún 100, ó fọwọ́ so pọ̀ mọ́ Saturninus, olóṣèlú oníjàgídíjàgan, kó lè rí ilẹ̀ fáwọn ọmọ ogun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa ẹni tó ń du ipò kọ́ńsúlù, Sẹ́nétì ní kí Marius fi ọwọ́ òfin mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó mú wọn, ó tì wọ́n mọ́ ilé Sẹ́nétì. Àwọn èèyàn gun òrùlé, wọ́n fi àwo òrùlé sọ wọ́n pa. Àtigbà náà, kò rójú àwọn ọlọ́lá, kò sì rójú àwọn mẹ̀kúnnù.

Ó di ọdún 88. Ọba Mithridates dìde sí Róòmù ní Éṣíà, Sulla tó jẹ kọ́ńsúlù ni wọ́n sì gbé ogun náà fún. Marius ti ń lọ sí 70 ọdún, ó ti sanra, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣeré ìdárayá ní pápá, kí ìlú lè rí i pé agbára ṣì ń bẹ. Àwọn kan ń yìn ín, àwọn kan ń káàánú ẹ̀. Agbẹnusọ mẹ̀kúnnù kan bá a fi òfin gba ogun náà lọ́wọ́ Sulla.

Sulla lọ bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn mìíràn ni Marius máa kó lọ, pé ìkógun Éṣíà máa bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀gá tó wà lábẹ́ Sulla, àfi ẹyọ kan, ló kọ̀ láti bá a lọ. Àwọn ọmọ ogun ò kọ̀ ní tiwọn. Wọ́n kọjú idà sí Róòmù, ìlú tiwọn fúnra wọn. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ohun tí Marius bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 107 ló padà wá lé e jáde nílé.

Baba arúgbó sá. Inú àbàtà lẹ́bàá Minturnae ni wọ́n ti wọ́ ọ jáde níhòòhò, ẹrẹ̀ bò ó. Àwọn aláṣẹ ìlú rán àjèjì kan sí i nínú yàrá kó lọ pa á. Onítọ̀hún rí ojú ẹ̀ nínú òkùnkùn, ó sọ idà sílẹ̀, ó sá jáde. Ni wọ́n bá gbé Marius sínú ọkọ̀ ojú omi, ó gba Áfíríkà lọ, ó dé àwókù Carthage.

Nígbà tí Sulla lọ sójú ogun, Marius padà lọ́dún 87 pẹ̀lú Cinna. Ẹ̀san ló bá dé. Ẹni tó bá kí i tí kò dáhùn, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ á pa onítọ̀hún lójú pópó. Catulus, tí wọ́n jọ ja ogun Vercellae, gbẹ̀mí ara rẹ̀. Lọ́dún 86, Marius jẹ kọ́ńsúlù fún ìgbà keje. Wọ́n ní kì í rí oorun sùn mọ́, àfi tó bá mutí. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí àga náà tó fi kú.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Sulla padà, ó tún fogun gba Róòmù, ó hú egungun Marius, ó ní kí wọ́n dà á sódò Anio. Lọ́dún 69, nígbà ìsìnkú Julia, Caesar gbé ère Marius jáde, ariwo ayọ̀ sọ. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún 49, Caesar náà kó ọmọ ogun tirẹ̀ kọjú sí Róòmù. Láti ìgbà náà, ìjọba ọlọ́dún kan-kan ò tún ní agbára gidi mọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn yìí kì í ṣe ìkà tí Marius ṣe nígbẹ̀yìn. Ọdún 104 ni. Èèyàn dáadáa ni nígbà yẹn, ewu tó dé sì jẹ́ ewu gidi. Nítorí ẹni rere ni wọ́n ṣe gbé òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́yìn náà wọn ò rí ẹni tó máa gbé e padà sí ipò rẹ̀.