Ìgbésí-Ayé Dick Tiger, Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò Ọmọ Amaigbo

Bí a bá dárúkọ Pápá Ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, èyí tí ìjọba yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 2010, bọ́ọ̀lù ni ó sábà máa ń sọ sí ènìyàn lọ́kàn. Àwọn àgbà tí ó gbọ́njú ní ọdún 1963 mọ̀ pé ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ ọdún náà, ibẹ̀ ni àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò méjì ti kọ́kọ́ du àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ni ọ̀kan. Dick Tiger tiwa ni èkejì.

Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Amaigbo ní ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, 1929. Ìlú Aba ni ó ti ṣe òwò kéékèèké, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ní ọdún 1952 ó sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́. Ní 1955 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Hogan Bassey, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, ti ṣáájú rẹ̀ dé.

Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ó jà níbẹ̀, wọ́n fìdí rẹ̀ rẹmi nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ojú mi ni apá yìí ti ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn náà, nítorí pé ẹni tí ó ti ń gba ìyìn nílé ni, tí òtútù àti àìríṣẹ́ tó wá bá lókè òkun. Kò padà sílé. Ní oṣù kẹta 1958, ó lu Pat McAteer bolẹ̀ ní abala kẹsàn-án, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó kọjá sí Amẹ́ríkà.

Oṣù kẹwàá 1962 ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́wọ́ Fullmer ní San Francisco. Wọ́n tún pàdé ní Las Vegas ní oṣù kejì 1963, ìjà náà parí sí ọ̀mì. Ìgbà náà ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá sí Ìbàdàn. Fullmer kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, ṣùgbọ́n nígbà tí abala keje parí, àwọn tirẹ̀ kò jẹ́ kí ó dìde sí ìkẹjọ mọ́. Kò tún ja ìjà mìíràn láyé rẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tí ó bèèrè bóyá Ìgbò ni Tiger tàbí Yorùbá.

Kí ọdún náà tó parí, Joey Giardello gba àmì-ẹ̀yẹ náà. Tiger dúró fún nǹkan bí ọdún méjì kí ó tó gbà á padà ní 1965. Emile Griffith tún gbà á ní oṣù kẹrin 1966. Àwọn ènìyàn rò pé ó tán fún un, àmọ́ nínú oṣù kejìlá ọdún kan náà ó bọ́ sí ìpele àwọn tí ó wúwo jù ú lọ, ó sì na José Torres.

Ogun dé ní 1967. Tiger fara mọ́ Biafra, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bí a ti ń mára le. Púpọ̀ nínú owó ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ni ó ti fi ra ilé ní Nàìjíríà. Ogun gbé èyí tó pọ̀ nínú wọn lọ. Ní oṣù karùn-ún 1968, Bob Foster, tí ó ga jù ú lọ gidigidi, lù ú dákú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí i. Ní 1969, ó dá oyè MBE tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá padà, nítorí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ti Nàìjíríà lẹ́yìn.

Ó ja ìjà ìkẹyìn ní 1970. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ìpele méjì di ẹ̀ṣọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti rí i pé jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ó di dandan kí ìjọba Nàìjíríà gbà fún un kí ó tó lè wọlé, wọ́n sì gbà. Ó dé ní 1971. Ní ọjọ́ 14, oṣù kejìlá ọdún náà, ó kú ní Aba, ní ẹni ọdún 42.