William Hamilton: Ẹni tó gbẹ́ ìṣirò sára afárá

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1843, tọkọtaya kan ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá Royal Canal, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ní ìlú Dublin, lórílẹ̀-èdè Ireland. Ìpàdé Royal Irish Academy, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ náà, ni wọ́n ń lọ, nítorí ọkọ ni ààrẹ ẹgbẹ́ ọ̀hún. Ìyàwó ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn ọkọ kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé afárá Brougham, ó fa ọ̀bẹ kékeré yọ, ó sì gbẹ́ ìlà ìṣirò kan sára òkúta afárá náà. William Rowan Hamilton ni orúkọ rẹ̀, ohun tó gbẹ́ síbẹ̀ sì ti gbà á ní ọdún mẹ́wàá ó lé.

Oṣù kẹjọ, ọdún 1805 ni wọ́n bí i ní Dublin. Ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ fà á lé arákùnrin bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn James Hamilton, àlùfáà àti olùkọ́ ní ìlú Trim. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti ń ka èdè Látìnì, Gíríìkì àti Hébérù. Ní 1823, ó wọ Trinity College. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ṣì jẹ́ ní 1827, kò sì tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún, tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìràwọ̀, tí wọ́n sì fi í ṣe olórí ilé ìwòràwọ̀ tó wà ní Dunsink.

Ṣùgbọ́n ayé kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn ní gbogbo ọ̀nà. Catherine Disney, ọmọbìnrin tó fẹ́ràn, ni àwọn ẹbí fi fún àlùfáà kan ní 1825, ìbànújẹ́ náà kò sì tán lọ́kàn rẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Ní 1833, ó fẹ́ Helen Bayly, ẹni tí wọ́n jọ ń rìn lọ́jọ́ afárá.

Ohun tí Hamilton ń wá kò ṣòro láti sọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ibi tí ẹyẹ kan wà lójú òfuurufú yóò lo nọ́ńbà mẹ́ta: bó ṣe jìnnà tó sí ìlà-oòrùn, bó ṣe jìnnà tó sí àríwá, àti bó ṣe ga tó sílẹ̀. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, níbi tí nọ́ńbà méjì ti tó, àwọn onímọ̀ ti mọ bí ìsọdipúpọ̀ ṣe lè yí nǹkan po. Hamilton fẹ́ ṣe bákan náà fún nọ́ńbà mẹ́ta. Ìròpọ̀ àti àyọkúrò rọrùn fún un, ṣùgbọ́n ìsọdipúpọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1843 náà, àràárọ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń bi í bóyá ó ti rí i ṣe, tí yóò sì fi ìbànújẹ́ mi orí.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ohun tó hàn sí i lẹ́bàá odò ni pé nọ́ńbà mẹ́ta kò tó. Mẹ́rin ni yóò lò. Ó tún gbọ́dọ̀ pa òfin kan tì, èyí tó ní 2 lọ́nà 3 kò yàtọ̀ sí 3 lọ́nà 2. Ẹni tó bá gbé ìwé lélẹ̀ lórí tábìlì lè dán an wò. Bó bá kọ́kọ́ yí orí ìwé náà sí ọ̀tún, kó tó gbé ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí i sókè, ìwé náà yóò fẹ̀gbẹ́ dúró. Bó bá kọ́kọ́ gbé e sókè, kó tó yí i, yóò nàró. Nínú ìyípo, èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé ṣe pàtàkì.

Ó pe nọ́ńbà mẹ́rin náà ní quaternion. Èyí tó dá dúró ló pè ní scalar. Mẹ́ta yòókù, tó nà bí ọfà sí apá kan, ló pè ní vector, ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí ẹni tó ń gbé nǹkan. Láti yí nǹkan po, a ó fi cosine ìdajì igun ìyípo náà sí apá scalar, a ó sì fi sine rẹ̀ sí ara ọfà tí nǹkan náà yóò yí ká.

Ọdún méjìlélógún tó kù láyé rẹ̀ ni Hamilton fi ṣiṣẹ́ lórí èyí. Ó kú ní ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1865. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ọmọ rẹ̀ tó gbé ìwé ńlá tó ń kọ lọ́wọ́ jáde. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Gibbs ní Amẹ́ríkà àti Heaviside nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi yọ vector sọ́tọ̀, tí wọ́n sì pa ìyókù tì. Vector yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ń lò káàkiri ayé, láìmọ̀ pé ara odidi kan ni wọ́n ti gé e.

Ṣùgbọ́n odidi náà kò parun. Ní 1985, Ken Shoemake fi quaternion han àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán. Lónìí, òun ni wọ́n fi ń yí àwòrán po nínú eré orí kọ̀ǹpútà, òun náà ni wọ́n sì fi ń darí ojú ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí gbangba ojú ọ̀run.

Òjò àti ọjọ́ ti pa ohun tí Hamilton gbẹ́ sára òkúta rẹ́. Ní 1958, Éamon de Valera, olórí ìjọba ilẹ̀ Ireland tó ti fìgbà kan rí jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ṣí òkúta ìrántí kan síbẹ̀. Ìlà ìṣirò náà wà lára rẹ̀.