Olóògbé Jacob Kẹ́hìndé Coker, Àgbẹ̀ Pàtàkì ní Agége

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé àti lẹ́yìn odi, ẹnikẹ́ni nínú wa tí a fi owó kòkó rán lọ sí ilé ìwé, ó yẹ kí ó mọ orúkọ Olóògbé Jacob Kẹ́hìndé Coker.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni. A bí i ní ọdún 1866, ó sì papòdà ní ọdún 1945. Òwò ni ó kọ́kọ́ ṣe ní Èkó kí ó tó dá oko ńlá sí Ìfàkò, lẹ́bàá Agége. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ìhà ibẹ̀, J. P. L. Davies ti gbìn ín sí Ìjọn ní nǹkan bí ọdún 1880. Ṣùgbọ́n irúgbìn rere nìkan kò tó. Orí ni a fi ń ru ẹrù oko nígbà náà. Bí ọ̀nà bá jìn, owó alárù a gbé èrè lọ. Ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ sí là láti Èkó ní ọdún 1896 gba Agége kọjá, a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Láti ìgbà náà ni ọjà ti súnmọ́ ẹnu ọ̀nà oko.

Ní ọdún 1907, Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agége sílẹ̀, òun sì ni olórí wọn. Àwọn alágbàṣe ti Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Oǹdó wá bá wọn ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń padà relé, wọn a di èso kòkó mọ́ ẹrù wọn. Kì í ṣe ìyànjú lásán ni ó mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi ojú ara wọn rí i tí a wọn kòkó, tí a sì san owó rẹ̀.

A kò ní fi ìṣòro rẹ̀ pa mọ́. Ọjà tí ó gbé ni ga a máa gbé ni ṣubú. Láàárín ọdún 1920 sí 1921, owó kòkó já wálẹ̀ gidigidi, ilẹ̀ Agége pàápàá sì ti ń ṣá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó dé Kánò láti ọdún 1912, àwọn ará Òkè Ọya sì fẹ́ràn obì gbàǹja. Nítorí náà, àgbẹ̀ Agége yí ọwọ́ padà sí obì. Bí ọjà kan ti ń tì, òmíràn ṣí.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n oko tí kò ní ọ̀nà kankan, ohun tí bàbá gbìn ni ọmọ yóò máa gbìn níbẹ̀. Nítorí náà, kí a tó pe àgbẹ̀ ìlú wa ní olórí kunkun nítorí pé ó kọ irúgbìn tuntun, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè ibi tí yóò tà á sí. Nígbà tí Ẹgbẹ́ wa bá sì ń dáwó, kí a má gbàgbé ọ̀nà oko.

Ọ̀run rere fún Olóògbé Coker.