Herbert Lloyd, Ọkùnrin Tó Mọ Ajá Tọ́

Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń fi ajá díje nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Crufts ni wọ́n ń pe ìdíje náà, ọdún 1891 ni Charles Cruft dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Herbert Summers Lloyd ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Cocker spaniel, ajá elétí gbọọrọ, ló ń sìn. Luckystar of Ware, ajá rẹ̀, gba ipò kìíní ní 1930 àti 1931. Exquisite Model of Ware gbà á ní 1938 àti 1939. Ogun dé, ìdíje dúró. Nígbà tó padà ní 1948, Tracey Witch of Ware ló gbà á, ó tún gbà á ní 1950. Ẹ̀ẹ̀mẹfà! Ajá ń yí padà, ọwọ́ tó tọ́ wọn ò yí padà.

Iṣẹ́ yẹn ò rọrùn o. Ajá gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ kí adájọ́ yẹ eyín àti ara rẹ̀ wò, kó sì rìn geere láìfa okùn. Ẹni tó mú un ò gbọ́dọ̀ dí adájọ́ lójú. Tí ọwọ́ ẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ̀rù á ba ajá náà. Sùúrù la fi ń kọ́ ọ nílé, kì í ṣe ẹgba.

Àwa tí à ń sọ òkò lu ajá ńkọ́? Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lójú tèmi, ó yẹ ká bi ọdẹ náà bóyá ó kọ́ ajá ẹ̀ ní fèrè.